Yánrin Tó Hù Nínú Yanrìn

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí í kí ẹ̀fọ́ kó tó já a,

Mo ti ní orúkọ tuntun ní Ọ̀fà. Oníyanrìn ni wọ́n ń pè mí. Mummy tó ni ilé tí mò ń gbé ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi lórúkọ náà, Alhaja tí ilé tiwọn wà lẹ́yìn ògiri gbà á lẹ́nu wọn, nígbà tó sì di pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ìkóríta wa náà ń pè mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ mí lórúkọ létí òkun, ṣé inú yín kò ní bàjẹ́? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ bí mo ṣe di Oníyanrìn, ẹ óò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú yín, ẹ óò sì fi etí ìró Màmá nù ún, bí ẹ ti máa ń ṣe.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé síbí láti wá kàwé, ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ilẹ̀ wọn kì í mì. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ìlàjẹ, pákó la fi ń ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé, èèyàn a sì máa gbọ́ omi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ibí pupa, ó le, òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ńṣe ni mò ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Kò sẹ́ni tó rí i. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí ní kíláàsì. Mo mọ ẹni tó máa ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí olùkọ́ bá kọ̀yìn sí wa. Mo mọ ẹni tó ń ya bàtà àwọn ẹlòmíràn sínú ìwé rẹ̀. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó máa ń gbé fóònù sétí bí ẹni pé wọ́n pè é, nítorí pé kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Tirẹ̀ yẹn tètè yé mi, torí pé èmi náà ń ṣe é. Ọjọ́ á kanrí, á sì wọ̀, kí ẹnu mi tó sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣeun" lọ.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ti kú. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ṣùgbọ́n mo mú nǹkan yín wá. Irúgbìn ṣọkọ pupa yín, èyí tẹ́ ẹ kó sínú agolo mílíìkì tẹ́ ẹ sì fi ọ̀rá dì lẹ́nu, Màmá ló kì í bọ àpò mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán, òkun gba ibi tí ilé wa wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àyà yín já. Màmá wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Òkìtìpupa, ara wọ́n le, wọ́n sì ti ń bá àwọn ará ibẹ̀ jà lórí bí wọ́n ṣe ń yan ẹja. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ sọ di oko ni òkun gbé lọ, a ò rí pákó rẹ̀ kan. Ohun tó kù nínú oko yín kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, inú agolo yẹn ló sì wà.

Mo máa ń rántí ọkọ̀ náà. Ó ti jò kọjá àtúnṣe, gbogbo èèyàn ní kẹ́ ẹ là á fi dáná. Ẹ̀yin kọ̀. Ẹ gbé e gun orí òpó, ẹ lọ kó ilẹ̀dú wá láti òkè odò, ẹ rọ ọ́ kún inú rẹ̀, ẹ gbin ṣọkọ àti efinrin àti ata. Omi iyọ̀ á kún, á fà, kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ máa ń sọ fún àlejò pé ẹ̀fọ́ yín nìkan ló ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní gbogbo àdúgbò. Omi tí Màmá fi fọ ẹja lẹ máa ń bu fún wọn mu. Kẹ́ ẹ sì tó já ewé kan ṣoṣo, ẹ óò fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, kó, kó, ẹ óò ní, "Ẹ kú ilé o." Lẹ́yìn náà ẹ óò dúró díẹ̀, ẹ óò tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá a lóhùn. Kí lẹ máa ń gbọ́ nígbà náà, Bàbá? Ṣé wọ́n ń dáhùn?

Ìdajì irúgbìn náà ni mo kọ́kọ́ gbìn sí ẹ̀yìn yàrá mi níbí. Mo gbẹ́ ilẹ̀ náà títí ọwọ́ mi fi bó. Òjò ńlá kan ló rọ̀ ní ọjọ́ kejì, omi gbá ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sínú gọ́tà, àwọn adìẹ Alhaja sì wá fi ẹsẹ̀ tú ìyókù. Ọ̀kan kò hù. Mo dé agolo padà, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo sọ fún ara mi pé mi ò ní gbìn mọ́. Bí èyí tó kù bá wà nínú agolo, ó ṣáà wà. Bí mo bá gbìn ín tó sì kú, níbo ni mo tún ti fẹ́ rí òmíràn? Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀. Ó máa dà bí ìgbà tí ẹ tún kú lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí sì rèé, lọ́wọ́ mi.

Báyìí ni mo wà kí ọ̀rọ̀ yanrìn tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Mummy jẹ́ fún yín. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ ní ọjọ́ Àìkú, opó sì ni wọ́n. Yorùbá ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọmọ. Rédíò kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bá a wí. Èmi á wà nínú yàrá, màá máa gbọ́ wọn ní pálọ̀: "Ọ̀gbẹ́ni, ohùn ìsàlẹ̀ ni! Ohùn ìsàlẹ̀! Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá bá wọn pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkúnlẹ̀ àti "ẹ káàárọ̀, ma" náà ni, mo ti yára kọjá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn wọlé sórí fóònù mi. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ ọ́: "Omo mi, ti o ba n bo, ba mi mu yanrin bo. Ki o po die o. Alejo n bo lola."

Inú mi dùn. Wọ́n pè mí ní ọmọ mi. Mo kà á lákàtúnkà. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, ojú mi kì í fo nǹkan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ẹrẹ̀ kan tó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé wa, ibi tí omi máa ń dúró sí lẹ́yìn òjò, tí Mummy máa ń gbé ìró sókè kí wọ́n tó kọjá. Mo ní háà, àlejò ń bọ̀ lọ́la, wọ́n fẹ́ da yanrìn sí ẹrẹ̀ yẹn kí àlejò má baà fi bàtà kó o wọlé. Ó yé mi yékéyéké. Ojú mi tí kì í fo nǹkan ló kó bá mi.

Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé nítòsí ilé-ẹ̀kọ́, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n bù ú fún mi kún àpò sìmẹ́ǹtì bíi mélòó kan. Mo ní kí ó pọ̀ díẹ̀ bí Mummy ṣe wí. Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi wo àpò, ó wò mí.

"Àǹtí, ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni àbí ẹ fẹ́ ri ẹnì kan mọ́lẹ̀?"

"Mummy wa ló rán mi."

"Kẹ̀kẹ́ mi ń sunkún o. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sunkún."

Nígbà tí a dé, Mummy jáde sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. Ìkòkò wà lórí iná, mo ń gbọ́ òórùn ẹ̀gúsí.

"Kí lèyí?"

"Yanrìn ni, ma."

"Yanrìn ti kí ni?"

"Èyí tẹ́ ẹ ní kí n mú bọ̀, ma. Mo ní kó pọ̀ díẹ̀."

Wọ́n wo àpò àkọ́kọ́, wọ́n wo ìkejì, wọ́n wá gbé ìgbakọ lé orí bí ẹni pé fìlà ni.

"Yánrin ni mo ní kí o rà wá! Yánrin! Ẹ̀fọ́! Ẹ̀fọ́ tí èèyàn ń jẹ!"

Bàbá, mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀fọ́ náà rí láyé mi. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n? Kì í hù ní etíkun wa. Nínú oko ilẹ̀ gbígbẹ ló máa ń hù, ewé rẹ̀ ṣe gbọọrọ, etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ó korò díẹ̀, àwọn ará ibí sì fẹ́ràn rẹ̀ nínú ẹ̀gúsí bí ẹní fẹ́ ọmọ. Gbogbo èyí ni mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ni mo dúró síbẹ̀ tí mo ń gbàdúrà pé kí ilẹ̀ Ọ̀fà tí kì í mì yìí ṣáà yanu lẹ́ẹ̀kan.

Orí kan yọ lókè ògiri. Alhaja ni. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Mummy, ẹ sè é bẹ́ẹ̀ jàre. Ẹ ṣáà fi iyọ̀ sí i. Àwọn àna yín tó ń bọ̀ láti Òjòkù, eyín wọn le dáadáa."

 Mummy gba fóònù mi, wọ́n fa gíláàsì wọn wálẹ̀ sórí imú, wọ́n ka ohun tí àwọn fúnra wọn kọ. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu wọn ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ló bú jáde. Wọ́n jókòó sórí àpò yanrìn kan, wọ́n ń fi ìgbakọ gbá itan ara wọn.

"Èmi! Èmi tí mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí àmì ohùn! Mi ò fi àmì kankan sí i! Alhaja, ẹ wá wò ó, bí ọmọ yìí ṣe kà á ló wà níbẹ̀. Kò jẹ̀bi rárá. Èmi ló yẹ kí wọ́n fi ẹgba fún!"

"Ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ ká ọwọ́ sókè," ni Alhaja wí láti orí ògiri.

Èmi náà bá rẹ́rìn-ín. Bàbá, mo gbọ́ ẹ̀rín náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń rín in. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ilá la fi ṣe àlejò náà lálejò ní ọjọ́ kejì, Mummy sì ròyìn fún wọn títí omi ọbẹ̀ fi ń ta sí wọn láṣọ. Ibẹ̀ ni orúkọ ti bẹ̀rẹ̀.

Yanrìn wá jókòó sí àgbàlá. A da díẹ̀ sí ẹrẹ̀ ẹnu ọ̀nà, púpọ̀ ṣì kù. Mummy ní, "Oníyanrìn, ìwọ lo kó ẹrù yìí wá, ìwọ ni kó o mọ ohun tí a máa fi ṣe." Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Mi ò mọ ohun tó ṣí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ma, bí a bá rí pákó díẹ̀, mo lè fi ṣe oko."

Wọ́n wò mí. Mo ṣàlàyé ọkọ̀ yín fún wọn. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Mo fi ọwọ́ júwe bó ṣe gùn tó, bó ṣe ga tó, bí omi ṣe máa ń jò jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Pákó kan ṣoṣo tó wà nílé ni bẹ́ẹ̀dì ògbólógbòó kan tó fara ti ògiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dá. Mummy fi ọwọ́ pa á, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ọkọ àwọn ni, ó sì ti tó kó rí iṣẹ́ míì ṣe. A gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù. A fi pákó tó kù gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, a tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sísàlẹ̀, mo sì dá ihò sí i kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Alhaja dúró sókè ògiri.

"Mummy, ẹ̀fọ́ ló máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì? Èmi tí mo ti lọ sí Mẹ́kà, orí ẹní ni mo ń sùn."

"Ẹ̀fọ́ yìí kàwé jù yín lọ."

Síbẹ̀, Alhaja ló fún wa ní ìgbẹ́ ewúrẹ́, wọ́n sì ní kí a máa wá kó o nígbàkígbà tó bá wù wá, ewúrẹ́ wọn kò láhun. A pò ó mọ́ ilẹ̀dú tí a kó lábẹ́ igi máńgòrò, a da yanrìn sí i kí ó má baà le. Mummy ń ṣa òkúta, èmi ń rú u. Láàárín iṣẹ́ ni wọ́n bi mí.

"Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo èyí?"

"Bàbá mi ni, ma."

"Wọ́n mà gbìyànjú o. Bá mi kí wọn tó o bá pè wọ́n."

Mo ń rú ilẹ̀ náà lọ. Mo ní, "Wọ́n ti kú, ma."

 Mummy ò ní pẹ̀lẹ́, wọn ò ní ṣe sùúrù. Wọ́n kàn fà sún mọ́ mi díẹ̀, wọ́n sì ń ṣa òkúta lọ láti ẹ̀gbẹ́ tèmi. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n lọ mú agolo náà wá. Mo ti sọ fún wọn nípa agolo.

"Ẹ̀rù ń bà mí, ma. Bó bá kú ńkọ́?"

"Nínú agolo yẹn, ṣé ó wà láàyè ni?"

Mo lọ mú un wá. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ bá fi dá wọn lóhùn?

Mo po gbogbo irúgbìn náà mọ́ yanrìn gbígbẹ díẹ̀, bí ẹ ti máa ń ṣe é kí ọwọ́ má baà dà á sójú kan, mo fọ́n ọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, Alhaja bá wa wú gbòǹgbò yánrin wá láti oko wọn, ìdí rẹ̀ kún fún iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n ní, "Ó yá, kí yánrin lọ bá yanrìn gbé. Ká wo ẹni tó máa pè wọ́n lọ́nà òdì." Mo fi efinrin sí igun kan, ata sí igun kejì. Mo wá lọ bẹ ìyá tó ń ta ẹja ní ìkóríta pé kí wọ́n máa fún mi ní omi tí wọ́n fi fọ ẹja. Ẹ ò bá wá wo àwọn ológbò! Gbogbo ológbò àdúgbò ló tò sára ògiri. Mummy fi aṣọ bo imú, wọ́n ní, "A ti di ará Ìlàjẹ nínú ilé yìí!" Wọn ò sì ní kí n má bu omi ẹja mọ́.

Ó hù, Bàbá. Mo jí lówùúrọ̀, mo rí i tó yọ wínníwínní, pupa bíi pé ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ gún ilẹ̀. Mo sáré kan ilẹ̀kùn Mummy. Wọ́n jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu, a bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ àwa méjèèjì, a ń wò ó.

Ìgbà tó ga tó ìka ni wàhálà dé. Ọjọ́ Àìkú ni, mo lọ pọn omi. Bí mo ṣe ń bọ̀ ni mo gbọ́ ariwo. Mo ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Òbúkọ Alhaja wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàárín ṣọkọ, ó ń jẹun bí ẹni tí a pè síbẹ̀. Mummy ti wọ léèsì ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè wọn ti yí sí etí kan, wọ́n di ìwo rẹ̀ mú, òun náà sì ń fà wọ́n. Alhaja ti yọ sókè ògiri, ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n rí ojú.

"Ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Mummy, ẹ gbé e ṣubú! Ọmọ Ọ̀fà lòun náà o!"

Mummy yíjú sí wọn. Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí, kódà sí rédíò.

"Alhaja, ẹ mọ ohun tí ẹran yín ń jẹ? Bàbá ọmọ yìí ló ń jẹ!"

Ẹ̀rín Alhaja dá. Wọ́n wò mí, wọ́n sì ti kúrò lórí ògiri. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Wọ́n fi okùn fa òbúkọ náà, wọ́n bú u, wọ́n bú ìyá tó bí i. Gbogbo wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó bá kù láàárín ojú ẹsẹ̀ ẹran àti ewé jíjẹ. Mummy kúnlẹ̀ pẹ̀lú léèsì. Alhaja fi ìka tú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá yẹtí tó já bọ́. Mi ò lè wò ó. Mo dojú kọ ògiri, mo ń ka àwọn ológbò.

"Oníyanrìn! Wá. Ó ku ọ̀kan."

Ó wà ní abẹ́ ewé yánrin, ó ti tẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá. Yánrin ló bò ó tí ẹran ò fi rí i. Mummy ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, wọ́n gún un sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fa fọ́nrán òwú kan yọ létí gèlè wọn, wọ́n fi so ó. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti lù tipẹ́. Mo ní wọ́n máa pẹ́. Wọ́n ní, "Ọlọ́run náà ti ní ọgbà rí. Yóò yé e."

Láti ọjọ́ náà ni Alhaja kì í ti í kí wa kí wọ́n má béèrè. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, orí wọn á yọ: "Oníyanrìn, báwo ni Bàbá?" Èmi á ní, "Bàbá ti yọ ewé tuntun, ma." "Bàbá ò wú ikọ́?" "Rárá, ma, ara wọn le." Gbogbo ilé ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Mummy á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á ní, "Ṣé Bàbá ti mu omi?" Ẹ̀yin tí mi ò lè dárúkọ yín fún ẹnikẹ́ni, gbogbo èèyàn ló wá ń béèrè yín lọ́wọ́ mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò sẹ́ni tó já ewé kan lára rẹ̀. A jẹ́ kó dàgbà, a jẹ́ kó ga kọjá orí mi. Ó tanná, pupa bí ẹ̀yin iná ààrò, nígbà tó sì gbó, mo tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n pẹ́ẹ́.

Bàbá, dúdú, dídán, wẹ́wẹ́, wọ́n dà sílẹ̀ bí òjò! Agolo yín kún, ó kún àkúnwọ́sílẹ̀, a tún wá agolo míì. Láti ara ọ̀kan ṣoṣo. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo ń yọ ọ́, mo ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè.

Mo ti fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Màmá. Mummy ti gbin tiwọn sínú bàsíà. Alhaja kò fẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kí ẹ̀fọ́ ju àwọn lọ. Inú fírísà wọn tó ti bàjẹ́ ni wọ́n rọ ilẹ̀ sí. Ṣọkọ yín ń gbé inú fírísà báyìí, òtútù ò sì mú un. Òbúkọ náà wà ní ìso, ó ń wò wá pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọmọbìnrin tó máa ń gbé fóònù sétí ní kíláàsì, mo bu irúgbìn fún òun náà, mo dì í sínú bébà. Ó wò ó, ó ní, "Kí ni mo ṣe fún ẹ?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Ó ti ń wá sílé wa ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pọ̀ ju ti rédíò Mummy lọ. Yánrin ti kún ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, a sì ti fi ẹ̀gúsí sè é. Ó korò lóòótọ́. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta ló tó yé mi.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ èyí nìyí. Ní àárọ̀ òní, mo fẹ́ já ṣọkọ tuntun fún ọbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo dúró tì í. Mi ò rò ó, ọwọ́ mi ló ṣáà ṣe é fúnra rẹ̀: mo fi ìka kan pákó bẹ́ẹ̀dì náà, kó, kó, mo ní, "Ẹ kú ilé o." Mo sì rí i pé mo dúró, mo tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Láti ẹ̀yìn ògiri, mo gbọ́ Alhaja tó nà án jáde gbọọrọ: "Ẹ káàbọ̀ o!"

Láti inú ilé ìdáná, láìmọ ẹni tí a ń kí, Mummy náà dáhùn: "Káàbọ̀, ọmọ mi!"

Ọwọ́ mi wà lórí pákó. Mo rántí gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi ń dúró létí ọkọ̀ yẹn. Wọ́n ti dáhùn, Bàbá. Mo gbọ́ ọ. Mo wá já ẹ̀fọ́ mi.

Èmi ni ọmọ yín tí ilẹ̀ kò mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́,
Oníyanrìn